Mata Masu Dubara: Báńkì Àwọn Obìnrin Abúlé ní Nìjẹ̀r

Mata Masu Dubara ni orúkọ Haúsá tí a fi ń pe àwọn ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ obìnrin ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "àwọn obìnrin ọlọ́gbọ́n". Ní agbègbè Maradi ni àjọ CARE ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1991. Moira Eknes, ọmọ Norway, wà lára àwọn tó ṣe ètò rẹ̀.

Ṣáájú àkókò náà, báńkì ìjọba tó ń yá àwọn àgbẹ̀ lówó ti kógbá sílé, àwọn báńkì ìlú ńlá kò sì dé abúlé. Adashi, tó jọ èsúsú ilẹ̀ Yorùbá, ni àwọn obìnrin gbára lé. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn tàbí ebi bá dé bá kí ó tó kàn án láti kó owó ní láti dúró.

Ètò tuntun náà yanjú ìṣòro yìí. Owó tí wọ́n ń dá wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ ẹgbẹ́ lè yá nínú rẹ̀, kí ó sì san án pẹ̀lú èlé. Níwọ̀n bí púpọ̀ nínú wọn kò ti mọ̀wé, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń fi orí ṣe ìṣirò ní gbangba. Ní òpin sáà, wọ́n á pín owó àti èlé láàárín ara wọn. CARE kò yá wọn lówó. Ẹ̀kọ́ nìkan ni ó fún wọn.

Ìkùdíẹ̀-káàtó rẹ̀ ni pé lásìkò ọ̀dá, gbogbo wọn ló máa ń nílò owó lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, ètò náà ti tàn dé Mali, Uganda àti Zanzibar.