Alùpùpù Kékeré àti Ẹni tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ Gùn

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wá kí mi ní ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó sì fi àwòrán alùpùpù kan hàn mí. Bajaj Pulsar ni, irú èyí tí táǹkì epo rẹ̀ yọ síta bí àyà àkùkọ, tí ẹni tó bá gùn ún yóò tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sá eré ìje. Ó ní, "Bàbá, èyí ni mo fẹ́ fi kọ́ ọ. Ẹ wo bó ṣe wuni." Mo bi í pé ta ni yóò kọ́ ọ. Ó ní òun yóò kọ́ ara òun, pé ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀rẹ́ òun fi kọ́ tirẹ̀. Gbólóhùn kejì yìí ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, òun náà ni ó sì bí ohun tí mo ń kọ yìí.

Ìró ẹnu ẹ̀rọ yìí ni Yorùbá fi sọ ọ́ lórúkọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó ṣáájú rẹ̀ ní ojú ọ̀nà oko wa. Nígbà tí alùpùpù wá dé, àwọn olùkọ́, àwọn agbẹ̀bí àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni a kọ́kọ́ ń rí lórí rẹ̀. Nǹkan iyì ni. Ẹni tí ó bá ní i kì í gbé e sójú òjò.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn ni a ń pè ní máṣìnnì ládíìsì. Orúkọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́ sí i, nítorí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gùn ún kò níye. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1958, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Honda gbé Super Cub jáde. Soichiro Honda ni ó mọ ẹ̀rọ, Takeo Fujisawa ni ó mọ òwò. Ohun tí àwọn méjèèjì ń wá ni alùpùpù tí ẹni tí kò gun nǹkan kan rí yóò lè gùn. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ tí ó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan gbé oúnjẹ dání, kí ó sì fi ọwọ́ kejì darí ẹ̀rọ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yọ kílọ́ọ̀ṣì kúrò lọ́wọ́ òsì, tí ó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni a fi ń pààrọ̀ jíà. Wọ́n gbé táǹkì epo sí abẹ́ ìjókòó, àárín ẹ̀rọ náà sì ṣí sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè kọjá wọ́ọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kò ju 49 cc lọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 2017, irú rẹ̀ tí Honda ti ṣe ti pé mílíọ̀nù 100. Àwọn ará Japan kò ronú kan ìró àti agbádá nígbà tí wọ́n ṣí àárín rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí àǹfààní rẹ̀ ti hàn tó ọ̀dọ̀ wa.

Owó Údójì ni bàbá mi fi ra tiwọn ní ọdún 1975. Ẹ ó rántí pé nígbà náà ni ìjọba fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ pa pọ̀. Rédíò, fáànù àti alùpùpù ni ọ̀pọ̀ fi owó náà rà. Olùkọ́ ni bàbá mi, Honda C70 sì ni wọ́n rà. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 15, wọ́n ní ó tó àkókò kí n kọ́ ọ. Mo yọ̀ títí, n kò mọ̀ pé oṣù kan gbáko ni n ó fi máa fọ̀ ọ́, tí n ó sì máa tì í kiri láìtan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe wúwo tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú mi lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti dagun lẹ́yìn pápá ilé-ẹ̀kọ́, mo sì ń yí bọ̀ wálẹ̀ láìtan iná, bíréèkì nìkan ni mo ní lọ́wọ́. Jíà kìíní gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé sẹ́yìn ni bàbá mi fúnra wọn, ìyẹn sì ju ọdún kan lọ lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wo àwọn ọmọ ilé Balógun tí wọ́n ń gun ẹṣin ní Ojúde Ọba, ẹ ó rí i pé a kì í gbé èyí tó kéré sórí ẹṣin láìsí ẹni tí ó di ìjánu mú. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni.

Kí ni ó wá dé? Ebi ni. Ìjọba Shagari kéde ìṣúnwó-ná ní ọdún 1982, ètò SAP sì tẹ̀ lé e ní 1986. Owó ọkọ̀ gòkè, ohun èlò ọkọ̀ wọ́n, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Alùpùpù tí ó jẹ́ iyì olùkọ́ wá di ohun tí a fi ń wá oúnjẹ. Nítorí pé ó ń yára gba àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní ọ̀kadà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tí òun náà sì fi orúkọ ìlú Ọ̀kadà rẹ̀ pè. Ọkọ̀ òfúrufú náà ti kógbá wọlé tipẹ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì ń sáré ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí. Ní ilẹ̀ wa, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní àkókò ìkọ́ṣẹ́. Aránṣọ ń kọ́ṣẹ́, ó ń sin ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń ṣe fúrídọ̀mù kí ó tó dá dúró. Ọmọ ọkọ̀ ń gbé jáàkì, ó ń pe èrò, ọdún gorí ọdún kí a tó fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ọ̀kadà nìkan ni iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn mọ́ra, tí kò sì ní ọ̀gá, tí kò ní fúrídọ̀mù. Àwọn kan ń dá ẹ̀rọ náà lẹ́bi pé ó rọrùn jù. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀rùn yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ èmi, kò sì pa mí lára. Àwọn tí ó tilẹ̀ gba ojú pópó lẹ́yìn náà, àwọn tí China ṣe ní àwòṣe CG125 ti Honda, àti Boxer láti Íńdíà, ọwọ́ ni a fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n ṣòro kọ́ ju ládíìsì lọ. Ẹ̀rọ wá ń le sí i, àkókò ìkọ́ṣẹ́ sì ń kúrú sí i.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ lọ ilé-ìwé. Ní àwọn ọdún 1990, ó gba máṣìnnì àwìn tí yóò máa san owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ Àìkú ni ó kọ́ ọ, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ó gbé èrò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó gbé ìyá aláṣọ kan ṣubú. Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó gbọn eruku nù. Ìyá náà kò pàtẹ mọ́ títí wọ́n fi kú. N kò lè pe ọ̀rẹ́ mi ní aláìbìkítà. Gbèsè tí ó gbọ́dọ̀ san lọ́jọ́ Ajé kò fún un láyè ọ̀sẹ̀ méjì fún jíà kìíní.

Òfin pàápàá, lẹ́yìn ni ó ń tẹ̀ lé wa bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ àṣíborí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní Kánò fi igbá borí kí ọlọ́pàá má bàa mú wọn. Ọ̀pọ̀ èrò ẹ̀yìn sì kọ̀ láti dé àṣíborí tí ẹlòmíràn ti dé, wọ́n ní ta ni ó mọ oògùn tí ó wà nínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n orí ni òfin yẹn ń bò, kò kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ àbúrò mi padà. Mo ní Pulsar tí ó ń wò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta, C70 bàbá mi kò sì tó méjì. Èwo ni ó rò pé òun lè dì mú bí ó bá fẹ́ ṣubú? Kò dáhùn. Mo ti pe mẹkáníìkì kí ó bá mi tún ògbólógbòó náà ṣe, ó sì ti fọ kábúrétọ̀ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, a tì í lọ sí ẹ̀yìn pápá. Ọmọ náà wo ẹ̀rọ tí ó ju òun lọ́jọ́ orí yìí, ó rẹ́rìn-ín. Ó yí bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó yí bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ó nu òógùn ojú, ó ní, "Bàbá, ìgbà wo ni a ó tan ẹ́ńjìnnì?"

Mo ní kí ó tì í padà sókè.