Lẹ́yìn Àṣìṣe Awakọ̀

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958, jàǹbá mọ́tò pa Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, lágbègbè Òde Rẹ́mọ, bó ṣe ń ti Èkó bọ̀ wálé. Bí ìròyìn náà ti kan Ìbàdàn, ìlú gbiná. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Mabọ́lájẹ́, tí wọ́n máa ń wọ́ tẹ̀lé e kò gbà pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè kú ikú mọ́tò lásán. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tá ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ya bo àwọn tí wọ́n fura sí. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ dèrò ilé ẹjọ́. Èmi ya ohun méjì sọ́tọ̀ nínú ìtàn yìí. Kí èèyàn dájọ́ láìwádìí, kò ní àwíjàre. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ṣáájú ìdájọ́ náà, pé kí ló tún wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí ẹni tó di ọkọ̀ mú, ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká máa bi í nígbàkigbà tí bàálù bá já. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, bàálù àdáni tó gbé Adébáyọ̀ Adélabú, mínísítà iná mànàmáná nígbà náà, ọmọ ọmọ Adégòkè, já sínú igbó lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfurufú Ìbàdàn lẹ́yìn tílẹ̀ ṣú. Gbogbo wọn yè. Bó bá jẹ́ pé ọpẹ́ nìkan la dú, tàbí pé awakọ̀ nìkan la bú, a kò tíì mọ nǹkan kan.

Ẹ wo ti Port Harcourt. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, bàálù DC-9 ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Sosoliso gbéra l'Ábújá pẹ̀lú 110 èèyàn. Ojú ọjọ́ kò dára níbi tó ń lọ. Bí awakọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó níbi tí òfin dá a dúró sí: bí kò bá rí ojú pápá láti ibẹ̀, kó gbé ọkọ̀ padà sókè ni. Àwọn awakọ̀ bàálù yìí kò rí i, síbẹ̀ wọ́n ń sọ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbìyànjú àtigbé e sókè, ó ti pẹ́ jù. Èèyàn 108 kú, 60 nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ Loyola Jesuit tí wọ́n ń lọ sílé fún Kérésì. Àwọn olùwádìí kọ àṣìṣe àwọn awakọ̀ síwájú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró síbẹ̀: wọ́n ní iná pápá kò tàn, wọ́n sì ní gọ́tà oníkọnkéré kan tó yọ síta ni bàálù náà lọ fọ́ mọ́, tí iná fi sọ.

Ẹnìkan lè ní àwáwí là ń bá awakọ̀ wá. Rárá, ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ òun kọ́ ló gbẹ́ gọ́tà, òun kọ́ ló sì pa iná. Bí a bá di gbogbo ẹ̀bi rù ú tí a fi méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, awakọ̀ tó mọṣẹ́ jù ú lọ ṣì máa bá wọn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ òjò.