Bí Olú-Ìlú Nàìjíríà Ṣe Kúrò ní Èkó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ibùdó ṣíṣí rí. Ìbéèrè méjì ni ó máa ń dojú kọ àwọn tí ó bá fẹ́ fi ìlú ńlá sílẹ̀: ṣé ó tó àkókò láti lọ, níbo ni kí a sì lọ? Láyé àtijọ́, ogun ni ó sábà máa ń dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, Aláàfin Àtìbà kò padà síbẹ̀ mọ́. Àgọ́-Ọ̀jà ni ó sọ di Ọ̀yọ́ tí ó wà títí di òní. Ní ọdún 1975, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì yìí nípa Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ogun tí ó ń lé e. Ìtàn bí wọ́n ṣe dáhùn wọn ni ó fi hàn pé ìbéèrè kẹta wà tí a kì í tètè rántí: ta ni ó ń jìyà ìpinnu náà ní ibi tí a ń lọ àti ní ibi tí a ti kúrò?

Èkó Ṣáájú Ọdún 1975

Ọdún 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Nígbà tí Lugard so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá ní ọdún 1914, Èkó náà ni ó di olú-ìlú gbogbo Nàìjíríà. Lugard fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn Èkó. Kàdúná ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ tán, ọ̀rọ̀ náà kò tẹ̀ síwájú mọ́.

Àríyànjiyàn tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1953. Nígbà náà, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Èkó wà. Níbi ìpàdé lórí òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n pinnu pé kí a yọ Èkó kúrò lára Ẹkùn náà kí ó lè jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Inú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ aṣáájú rẹ̀, kò dùn sí i rárá. Lójú wọn, ilẹ̀ Yorùbá ni Èkó, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bù ú kúrò lára ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, ní ọdún 1954, ìpinnu náà di òfin. Láti ìgbà yẹn ni ó ti hàn pé ìlú tí gbogbo orílẹ̀-èdè fẹ́ fi ṣe ilé, tí àwọn kan sì ń pè ní ogún baba wọn, kò lè ṣe kí ó má mú ìjà wá.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Bí ìlú kan ṣe di ibùjókòó ìjọba méjì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ kò tó; ọ̀sà àti òkun ni ó yí erékùṣù náà ká. Nínú ìkànìyàn ọdún 1963, àwọn tí ń gbé agbègbè ìjọba àpapọ̀ ní Èkó nìkan lé ní 665,000. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì tún fa ọ̀pọ̀ èrò wá sí ìlú náà. Ní ọdún 1975, ọkọ̀ òkun tí ó ju 300 lọ ni ó ń dúró de ààyè ní èbúté. Sìmẹ́ńtì ni ó kún inú púpọ̀ nínú wọn. Èkó gba olè, ó gba ọ̀lẹ, ni wọ́n máa ń wí, ṣùgbọ́n lọ́dún náà, èbúté Èkó kò gba ọkọ̀ mọ́.

Ìgbìmọ̀ Agúdà

Oṣù Keje ọdún 1975 ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed gba ìjọba. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kalẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ Èkó wò. Alága wọn ni Adájọ́ Akínọlá Agúdà, ẹni tí ó ti ṣe Adájọ́ Àgbà ní orílẹ̀-èdè Botswana. Lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ni Táí Ṣólàrín, olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, àti Pedro Martins, àlùfáà Ìjọ Àgùdà nínú iṣẹ́ ológun. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kíyè sí èyí: ọmọ Yorùbá ni alága ìgbìmọ̀ tí ó ní kí ìjọba àpapọ̀ kúrò ní Èkó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé ọ̀tá Yorùbá ni ó gbé olú-ìlú lọ kò tíì wo ìtàn náà dé ìdí.

Ìgbìmọ̀ náà kò fi ojú lásán yan ibi tuntun. Wọ́n to àwọn ohun tí ibùdó rere gbọ́dọ̀ ní lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì bí olùkọ́ ṣe ń ṣe nínú ìdánwò. Nínú 100, wíwà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè gba 22. Ìlera àti ojú ọjọ́ gba 12. Ilẹ̀ tí ó tó àti omi gba 10, 10. Ìrẹ́pọ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà gba 3 péré. Nígbà tí ó yá tí wọ́n kéde ìpinnu náà, ìṣọ̀kan ni ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ àárín gbùngbùn, ìlera àti ojú ọjọ́, omi àti ilẹ̀ ni ó tẹ̀wọ̀n jù.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1975, iṣẹ́ wọn parí. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, Murtala kéde pé olú-ìlú yóò kúrò ní Èkó. Ọjọ́ 10 péré lẹ́yìn náà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ pa á ní Èkó kan náà. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tí ó rọ́pò rẹ̀ kò yí ìpinnu náà padà.

Ilẹ̀ Tí Wọ́n Rò Pé Kò Ní Olúwa

Ilẹ̀ tí wọ́n yàn fẹ̀ tó nǹkan bí 8,000 kìlómítà níbùú lóròó. Láti ara Ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara ìgbà náà ni wọ́n ti gé e. Àní orúkọ tí wọ́n fún un pàápàá, ti ẹlòmíràn ni. Ní ọdún 1828, ìdílé ọba Hausa tí ogun jìhádì lé kúrò ní Zaria tẹ ìlú kan dó, wọ́n sì pè é ní Àbújá, láti ara orúkọ Abu Ja, ọba wọn. Àwọn náà ti kúrò ní ìlú ńlá rí, wọ́n sì ti wá ibùdó tuntun. Nígbà tí ìjọba gba orúkọ yìí fún olú-ìlú, ìlú àtijọ́ náà di Suleja, tí a fi orúkọ Sárkí Suleimanu Barau sọ.

Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi yan ilẹ̀ náà ni pé èrò kò pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èrò má pọ̀ kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀ kò ní onílẹ̀. Àwọn Gbagyi, tí àwọn mìíràn ń pè ní Gwari, wà níbẹ̀, àwọn Koro, Gade àti Bassa sì wà pẹ̀lú wọn. Àgbẹ̀ àti amọ̀kòkò ni àwọn Gbagyi. Èjìká ni àwọn obìnrin wọn fi ń ru ẹrù, nítorí pé orí ní ọlá lójú wọn, kò sì yẹ kí ẹrù gùn ún. Ète ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí a kó gbogbo wọn kúrò pẹ̀lú owó gbà-má-bínú, kí ilẹ̀ náà lè jẹ́ ti gbogbo ọmọ Nàìjíríà láìsí ẹ̀yà kan tí yóò pè é ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó náà, ó pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kí ọdún 1980 tó wọlé, wọ́n ti yí ètò padà: ẹni tí ó bá fẹ́ dúró kí ó dúró. Síbẹ̀, bí ìlú ti ń gbòòrò, abúlé ń ṣí. Kubwa ni wọ́n kó àwọn ará Maitama lọ. Maitama sì di àdúgbò àwọn ọlọ́lá. Ohun tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ bẹ̀rù ní 1953, pé a ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ ní orúkọ orílẹ̀-èdè, àwọn Gbagyi ni ó ṣẹlẹ̀ sí jù.

Èkó Lẹ́yìn Tí Ìjọba Lọ

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kó ìjọba lọ sí Àbújá. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún 16 tí wọ́n ti kéde ìpinnu náà. Murtala ti ṣèlérí pé Èkó, Kàdúná àti Port Harcourt yóò jẹ́ agbègbè àkànṣe, kí ìyà má bàa jẹ wọ́n. Ní ti Èkó, ìlérí náà kò di òfin. Ní ọdún 2016, Ilé Aṣòfin Àgbà da àbádòfin tí ó bèèrè fún ipò àkànṣe fún Èkó nù. Ilé ńlá Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí sì wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èrò kò tìtorí pé ìjọba lọ kí ó dín kù ní Èkó. Òwò ni ó ń fa èrò síbẹ̀, kì í ṣe ìjọba nìkan. Ní Àbújá náà, èrò ti kún Nyanya, Kubwa àti Karu, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wọ ìlú láàárọ̀ sì mọ ohun tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ jẹ́ dáadáa.

Ìpinnu ọdún 1976 kì í ṣe àṣìṣe. Ìjọba méjì kò lè máa jókòó lórí erékùṣù kan títí ayé, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà sì ṣe iṣẹ́ wọn bí ó ti yẹ. Ohun tí ó ṣe aláìpé ni pé oṣù bíi márùn-ún tó láti mọ ibi tí a ń lọ, ṣùgbọ́n títí di òní, a kò tíì san gbèsè tí a jẹ ẹni tí a bá níbẹ̀ àti ẹni tí a fi sílẹ̀ sẹ́yìn tán. Bí ìjọba kan bá tún ń gbèrò láti ṣí ibùdó lọ́la, kí ó tún máàkì náà pín, kí ó sì fi ju 3 lọ fún ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀.