Ọgbọ́n Ọdún Yìí, Wèrè Ẹ̀míì: Ìtàn Oúnjẹ Tí A Fi Ṣe Èèwọ̀ fún Ọmọ Ọwọ́



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé òpìtàn dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ìkòkò ẹ̀kọ ọmọdé. Ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn òwò ni ayé mọ̀ mọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò sí ọba tí a kò fún ní oúnjẹ nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, ìtàn oúnjẹ ọmọ kò sì kéré sí ìtàn ogun bí a bá ka iye òkú tí ó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí ìyá ń bi ara rẹ̀ lóru: ọmọ mi jẹ ẹyin, ara rẹ̀ sú, ó mu wàrà, inú ń run ún, ṣé kí n dá a dúró ni, tàbí kí n tún gbé e fún un? Láàárín nǹkan bí 100 ọdún, ìdáhùn àwọn ọ̀mọ̀wé sí ìbéèrè yìí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo fẹ́ fi bí ó ṣe yí padà hàn yín, àti ìdí tí ó fi yí padà, àti ohun tí ó ná àwọn ọmọ.

1. Àìdà àti Àìgbà

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Nígbà tí inú kò bá ní ohun tí ó yẹ kí ó fi da oúnjẹ kan, oúnjẹ náà yóò máa hó nínú ìfun, ikùn yóò wú, ọmọ yóò sì máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Èyí ni mo pè ní àìdà. Nígbà tí ara fúnra rẹ̀ bá ka oúnjẹ sí ọ̀tá, tí ó sì gbé ogun tì í, ara yóò sú, ètè àti ojú yóò wú, ọmọ lè máa bì, èémí rẹ̀ sì lè há. Èyí ni mo pè ní àìgbà, nítorí pé àwọn ìyá wa máa ń sọ pé, 'Ara rẹ̀ kò gbà á.' Àìdà a máa ni ọmọ lára. Àìgbà lè pa ọmọ láàárín wákàtí kan. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò bẹ̀rù ohun tí kò yẹ ní bíbẹ̀rù, yóò sì fojú di ohun tí ó yẹ kí ó sá fún. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ ni ó ti inú ìdàpọ̀ yìí wá.

2. Ẹyin tí ń sọ ọmọ di olè

Kí àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn tó dé, a ti ní òfin tiwa. Láàárín àwa Yorùbá, ọ̀pọ̀ ilé ni kì í fún ọmọdé ní ẹyin àti ẹran. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti mọ adùn rẹ̀ láti kékeré, olè ni yóò dà. Òfin yìí kò ti ọ̀dọ̀ ìkà ènìyàn wá. Ní agbo ilé tí adìẹ rẹ̀ kò pọ̀, ẹyin kan jẹ́ adìẹ ọ̀la. Ẹran inú ọbẹ̀ sì ní bí a ṣe ń pín in, láti ọ̀dọ̀ àgbà dé ọ̀dọ̀ èwe. Ọmọ tí kò bá lè kó ọkàn rẹ̀ níjàánu níwájú àwo ẹran yóò kó ìtìjú bá ìyá rẹ̀. Ìwà ni òfin náà ń dáàbò bò, kì í ṣe ìfun.

Ṣùgbọ́n ara ni ó ń san gbèsè rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó kù fún ọmọ lẹ́yìn tí a bá ti mú ẹyin àti ẹran kúrò: ògì. A ó rẹ àgbàdo, yóò kan, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ. Nínú èérí tí a sẹ́ dànù ni apá kan nínú ohun tí ń mú ara ọmọ dàgbà máa ń bá lọ. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ń mú àwọn ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú, tí oúnjẹ wọn kò ju àgbàdo lọ. Ẹsẹ̀ wọn a wú, irun wọn a pọ́n, awọ ara wọn a máa bó. Ní 1935, ó fi orúkọ tí àwọn Gá ń pè é tẹ ìwé: kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn ọmọ tí a gba ipò rẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Àìsàn náà kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ tiwa. Òun ni ó sún àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣòdì láti fi ẹ̀wà sóyà kún ògì, tí wọ́n sì pè é ní Soy-Ogi.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Èèwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìtàn wa jẹ́ èèwọ̀ tí a fi ìfẹ́ ṣe, tí àgbà gbọ́n kó tó ṣe, tí ọmọ sì jìyà rẹ̀. A ó tún bá irú rẹ̀ pàdé.

3. Bí a ṣe mọ̀ pé ara máa ń gbé ogun ti oúnjẹ

Ní ọdún 1902, àwọn ará Faransé méjì, Paul Portier àti Charles Richet, ń fi oró ẹran omi òkun kan dán ajá wò. Èrò wọn ni pé ajá tí ó bá yè lẹ́ẹ̀kíní yóò le sí i. Òdìkejì ni wọ́n rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n kékeré tí kò tó nǹkan pa ajá tí ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá. Richet gba ẹ̀bùn Nobel ní 1913 nítorí iṣẹ́ yìí. Ní 1906, Clemens von Pirquet ní ìlú Vienna ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà 'allergy' fún ara tí ìhùwàsí rẹ̀ ti yí padà nítorí ohun tí ó ti bá pàdé rí.

Ní 1921, Otto Prausnitz ṣe ìdánwò tí ó gba ìgboyà. Ara Heinz Küstner, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kì í gba ẹja. Prausnitz gba omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó gún un sí awọ ara tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gún omi ẹja sí ojú ibẹ̀. Ojú ibẹ̀ wú. Ó ti fi hàn pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń ru ìjà náà sókè. Ó di nǹkan bí ọdún 1966 sí 1967 kí Kimishige Ishizaka àti aya rẹ̀ Teruko ní Amẹ́ríkà, àti àwọn onímọ̀ kan ní Sweden, tó rí ohun náà gan-an, èyí tí a ń pè ní IgE.

Láti inú ìmọ̀ yìí ni àwọn oníṣègùn ti fa èrò kan yọ: bí ó bá jẹ́ pé ìpàdé àkọ́kọ́ ni ó ń kọ́ ara ní ọ̀tá, a jẹ́ pé kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n pàdé rárá. Èrò náà bá ọgbọ́n orí mu. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1908 ni ẹ̀rí kan ti wà tí ń tọ́ka sí ibòmíràn. Ní ọdún náà, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Schofield ròyìn nínú ìwé ìròyìn Lancet pé òun fún ọmọkùnrin kan tí ara rẹ̀ kò gba ẹyin ní ìwọ̀n ẹyin bíńtín nínú hóró oògùn, tí òun ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ náà fi lè jẹ ẹyin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i.

4. Wàrà àti ìwádìí tí a ṣe nílé

Nípa àìdà, ilẹ̀ wa ní ipa pàtàkì nínú ìtàn rẹ̀. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tí ó wá di mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992, pẹ̀lú Norman Kretchmer àti àwọn mìíràn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń da ṣúgà inú wàrà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn àgbà Yorùbá kò lè dà á, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè dà á. Ní 1975, ìwádìí lórí àwọn ìdílé fi hàn pé àjogúnbá ni agbára yìí láti ọ̀dọ̀ òbí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ohun tí àwọn òyìnbó kà sí àìsàn ni ó jẹ́ ìwà ara ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé; àwọn tí ń mu wàrà dàgbà ni wọ́n yàtọ̀. Gbogbo ọmọ tuntun, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò wọ́pọ̀, ni ó ń da ṣúgà inú ọmú. Lẹ́yìn tí a bá já wọn lẹ́nu ọmú ni agbára náà ń dínkù. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tí ó ti ń rìn, tí inú rẹ̀ ń kùn lẹ́yìn ife wàrà ńlá kan, kò ní ọ̀tá kankan nínú ara. Ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n ni ó pọ̀ jù. Nọ́nò tí ó ti kan àti wàrà tí àwọn Fúlàní fi ewé bọmubọmu dì kò ní ṣúgà náà tó wàrà tútù. Àwọn darandaran ti mọ ọgbọ́n yìí kí ìwé tó dé.

5. Èèwọ̀ ọdún mẹ́jọ

Ní ọdún 2000, American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, gba àwọn òbí tí àìgbà wà ní ìdílé wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe fún ọmọ ní wàrà màlúù títí yóò fi pé ọdún 1, kí ẹyin dúró di ọdún 2, kí ẹ̀pà àti ẹja sì dúró di ọdún 3. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ irú rẹ̀ nípa ẹ̀pà ní 1998. Àwọn òbí gbọ́, wọ́n sì pa á mọ́. Síbẹ̀ àìgbà ẹ̀pà kò dínkù. Ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Ní 2008, ẹgbẹ́ náà jẹ́wọ́ pé kò sí ẹ̀rí tó dájú fún ìdádúró náà, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì.

Ní ọdún 2008 kan náà, George Du Toit, Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi àwọn ọmọ Júù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé àwọn ọmọ Júù ilẹ̀ Ísírẹ́lì, àwọn ọmọ tí ó ju 10,000 lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ara 1.85 nínú 100 ni kò gba ẹ̀pà. Ní Ísírẹ́lì, 0.17 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ wọn jọra. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn ìyá ní Ísírẹ́lì máa ń fún ọmọ ní ìpápánu ẹ̀pà tí ń yọ́ lẹ́nu kí ó tó pé ọdún kan, àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń yẹra fún un.

Wọn kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n kó ọmọ 640 jọ ní London, láti ọmọ oṣù 4 sí 11, àwọn tí awọ ara wọn ń yún tí ó sì ń bó gidigidi, tàbí tí ara wọn kò gba ẹyin. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ awọ ara wọn wò. Àwọn tí ojú ibẹ̀ wú púpọ̀, wọn kò gbà wọ́n. Wọ́n ní kí apá kan máa jẹ ẹ̀pà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí apá kejì má fẹnu kàn án, títí wọn yóò fi pé ọdún 5. Àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2015. Nínú àwọn tí kò jẹ ẹ̀pà, ara 17.2 nínú 100 ni kò gbà á mọ́. Nínú àwọn tó jẹ ẹ́, 3.2 péré. Ní 2017, àwọn ará Japan rí irú rẹ̀ lórí ẹyin tí a sè, tí a lọ̀ kúnná, tí a fún ọmọ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù 6: 8 nínú 100 ní ìhà kan, 38 ní ìhà kejì.

Kí ló fà á? Àlàyé tí Lack ṣe ni pé oúnjẹ ní ọ̀nà méjì tí ó ń gbà bá ara pàdé. Eruku ẹ̀pà àti òróró rẹ̀ wà nínú ilé, ó sì ń gba ojú awọ tí ó ti bó wọlé. Ẹni tí ó bá gba ojú fèrèsé wọlé, olè ni ara máa ń pè é. Ẹni tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, àlejò ni. Àwọn oníṣègùn ti ti ilẹ̀kùn pa mọ́ àlejò, wọ́n sì gbàgbé fèrèsé. Èèwọ̀ tí wọ́n ṣe láti dènà àrùn ni ó ń bí àrùn náà.

6. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí láti máa rọ ọmọ ní ohun tí ó ti fẹ́ pa á rí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ojú rẹ̀ wú tàbí tí èémí rẹ̀ há lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e sáré lọ lójú ẹsẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ tún fún un ní oúnjẹ náà láìsí oníṣègùn. Ọmọ tí awọ ara rẹ̀ ń yún gidigidi, tàbí tí ara rẹ̀ kò gba ẹyin, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó fẹnu kan ẹ̀pà. Ìlànà tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2017 nìyẹn. Fún àwọn ọmọ yòókù, nígbà tí àkókò oúnjẹ bá tó, nǹkan bí oṣù 6, kí a mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kéré, kí ó jẹ́ ojúmọmọ tí a óò lè máa wo ọmọ, kí a sì máa fún un léraléra bí ara bá gbà á. Ẹ̀pà gbọ́dọ̀ jẹ́ lílọ̀ kúnná nínú ẹ̀kọ. Odindi ẹ̀pà lè há ọmọ lọ́fun.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí inú kan ń kùn, tàbí tí ara rẹ̀ sú lẹ́ẹ̀kan láìmọ ìdí rẹ̀, kí a má tìtorí ìfura kó ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, wàrà àti ẹ̀pà kúrò nínú àwo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ìyá lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò márààrún. Níbi tí owó kò ti tó, ògì lásán ni yóò kù, a ó sì ti padà sí ibi tí Cicely Williams ti bá wa ní 1933. Oúnjẹ kan ni kí a fura sí, kí a wádìí rẹ̀, kí a sì dá àwọn yòókù láre.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ lórí ààtàn. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń fi òwe yìí bá òròmọdìẹ wí. Ìtàn tí mo sọ lónìí fi hàn pé ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀bi kì í ṣe ti òròmọdìẹ. Àgbà ilé fi èèwọ̀ gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ olè jíjà, ebi fẹ́ pa á. Oníṣègùn fi èèwọ̀ gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀pà, ẹ̀pà di ọ̀tá rẹ̀. Bí a bá tún fẹ́ ṣe èèwọ̀ tuntun fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹ̀rí.