Bátìrì AA tó ṣeé ṣáájì

Bátìrì AA tó ṣeé ṣáájì jẹ́ bátìrì kékeré onírìísí ọ̀pá, tí a lè fún ní iná padà nígbà tí èyí tó wà nínú rẹ̀ bá tán. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 50.5, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 14.5, bákan náà pẹ̀lú bátìrì AA tí à ń lò tán tí à ń jù nù. Nítorí náà, àyè kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀ nínú tọ́ọ̀ṣì, rédíò, rìmóòtù àti ohun ìṣeré ọmọdé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òkúta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú àwọn bátìrì bẹ́ẹ̀: òkúta tọ́ọ̀ṣì, òkúta rédíò.

Waldemar Jungner, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ló ṣe bátìrì níkẹ́lì àti kádmíọ̀m ní ọdún 1899. Kádmíọ̀m jẹ́ májèlé, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ṣe òfin ní 2006 tó dín lílò rẹ̀ nínú bátìrì kékeré kù gidigidi. Èyí tó gba ipò rẹ̀ ni NiMH, tó dé ọjà ní ìparí àwọn ọdún 1980. Níkẹ́lì àti àdàlú irin tó ń gba háídrójìn sára ni a fi ṣe é.

Mílíámpù-wákàtí, tí à ń kọ ní mAh, ni a fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà. Bátìrì 2,000 mAh yóò tan gílóòbù tó ń gba mílíámpù 200 fún nǹkan bíi wákàtí 10. Ojúlówó NiMH AA kì í sábà kọjá 2,700 mAh, nítorí náà ó yẹ kí a fura sí èyí tí a bá kọ 3,500 sí lára.

Bátìrì alkaline ní fóltì 1.5 nígbà tó bá jẹ́ tuntun, ti NiMH sì jẹ́ 1.2, èyí tó mú kí àwọn kan rò pé NiMH kò lágbára tó. Ṣùgbọ́n fóltì alkaline ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lò ó, nígbà tí ti NiMH fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan títí iná rẹ̀ yóò fi kù díẹ̀, kí ó tó já wálẹ̀ lójijì. Nínú kámẹ́rà tó ń fa iná púpọ̀, NiMH ló ń pẹ́ jù. Nínú aago ara ògiri, alkaline ló sàn, ó sì lè lò ju ọdún kan lọ.

Àléébù NiMH àtijọ́ ni pé iná rẹ̀ ń jò fúnra rẹ̀: láàárín oṣù kan, ó lè pàdánù ìdá 20 sí 30 nínú 100 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó. Ní 2005, ilé-iṣẹ́ Sanyo ní Japan gbé eneloop jáde, èyí tí wọ́n ní ó ṣì ń di ìdá 85 mú lẹ́yìn ọdún kan.

Ṣáájà tí kò yára ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára bátìrì ránṣẹ́ fún wákàtí 14 sí 16, kì í ṣe 10, nítorí pé apá kan iná náà ń di ooru. Ṣáájà kíákíá ń ṣọ́ fóltì: bí bátìrì bá kún, fóltì rẹ̀ yóò rẹlẹ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ yóò gbóná, ṣáájà yóò sì dáwọ́ dúró. Níbi tí iná ìjọba ti ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ṣáájà tó ń ka wákàtí máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkà lákọ̀tun nígbàkigbà tí iná bá dé, bátìrì á sì gba iná àgbàjù.

Ooru àti iná àgbàjù ló ń tètè pa bátìrì. Bẹ́ẹ̀ náà ni pípa tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó nínú ẹ̀rọ kan: bí ọ̀kan bá kọ́kọ́ tán, àwọn yòókù á máa fi tipá gba iná kọjá nínú rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi alkaline sínú ṣáájà NiMH, nítorí ó lè jò tàbí kí ó bẹ́. Ní ti òkúta tí a máa ń sá sóòrùn, ooru kàn ń ta ìwọ̀nba agbára tó ṣẹ́ kù jí ni; kò fi iná kún un, ó sì lè mú kí ó tètè jò sínú tọ́ọ̀ṣì.