Asọ̀rọ̀mágbèsì Inú Etí

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà wò ó, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yìí kì í ṣe àwàdà lásán. Ohun tí ó ṣàjèjì jù lójú wọn ni pé àpótí yìí ń fọhùn, kò sì dúró gba èsì. Láwùjọ wa, ẹni tí ó kíni ń retí ìdáhùn, ẹni tí ó dá orin sì ń retí ẹ̀gbè. Mo gbà pé àríwísí wà nínú orúkọ náà. Lónìí tí ohun tí a fi ń gbọ́ orin ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń wọ ihò etí, ó yẹ kí a tún orúkọ náà yẹ̀ wò, nítorí ó lè kọ́ wa bí a ó ṣe yan ẹ̀rọ tí a ó máa fi gbọ́ orin nínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ń bọ̀. Ní Èkìtì, orin kì í ṣe ohun tí a ń jókòó gbọ́ nìkan. Ẹnì kan dá a, agbo gbè é. Àwọn elégbè a sì máa pín ohùn sí méjì, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀, tí wọn yóò jọ máa rìn títí orin yóò fi parí. Ẹni tí ó bá dúró láàrin agbo tí kò gbè, tí kò jó, tí kò pàtẹ́wọ́, àwọn ènìyàn yóò béèrè ohun tí ń ṣe é.

Àwo orin ni ó kọ́kọ́ ya olórin kúrò lọ́dọ̀ elégbè. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohùn wá lè dé ibi tí ẹni tí ó ni ín kò dé. Ní 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín rédíò kiri ilé ní Èkó, ìlú mìíràn sì tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, gíràmafóònù àti àpótí ara ògiri kò tú agbo ká. Ẹnì kan lè ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ni ó ni orin. Nígbà tí wọ́n fi oyè MBE dá I. K. Dairo lọ́lá ní 1963, kì í ṣe kìkì àwọn tí ó ní ẹ̀rọ nílé ni ó mọ orin rẹ̀ lórí. Nígbà tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé sì ń so orin mọ́ orin títí ojú àwo kan yóò fi kún, àwọn tí ń jó ní pálọ̀ àti lóde àríyá ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ẹ̀rọ àfisétí ní tirẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin. Ní 1910 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tí Nathaniel Baldwin, ará Utah, ṣe, kí òṣìṣẹ́ tí ń gba iṣẹ́ tí ó ń ti òkèèrè wá lè gbọ́ ọ yékéyéké. Ní 1958, John Koss sọ ọ́ di ohun èlò orin. Ní 1968, ilé-iṣẹ́ Sennheiser ní Jámánì gbé HD 414 jáde, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ẹni tí ó dé e sórí ṣì ń gbọ́ ohun tí ń lọ láyìíká rẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù keje 1979, Sony ní Japan mú Walkman wọ ọjà.

Ohun kan wà nínú ìtàn Walkman tí ó yẹ kí Yorùbá fiyè sí. Akio Morita, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, rò pé ìwà àìmọ̀wàáhù ni kí ẹnì kan máa dá orin gbọ́ níwájú ẹlòmíràn. Nítorí náà, ihò méjì ni wọ́n dá sí ẹ̀rọ náà, kí ènìyàn méjì lè jọ gbọ́ ọ. Wọ́n sì fi bọ́tìnnì kan sí i tí ó ń mú kí orin rẹlẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń fẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò pẹ́ tí ihò kejì àti bọ́tìnnì náà fi pòórá. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti rí ohun tí àwọn àgbà wa rí; àwọn tí ó rà á ni kò kà á sí.

Ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì níbi tí mo ń gbé, a ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Boomplay dé Nàìjíríà ní 2015, Spotify dé ní 2021. Orin tí a ti ń wá lọ sí ìsọ̀ oníkásẹ́ẹ̀tì wá ń ṣàn wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn mẹ́rin lè wà ní pálọ̀ kan, kí orin mẹ́rin máa dún, kí pálọ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn tí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn orin a máa bi mí léèrè ohun kékeré tí ó yẹ kí wọ́n rà. N kì í fi ìbéèrè náà ṣeré. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Èkíní, kí a mọ ohun tí a ń sanwó fún. Orin tí ń ṣàn ní 128 kílóbíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ nǹkan bí 58 mẹ́gábáìtì dátà ní wákàtí kan. Èyí tí ó jẹ́ 320 ń jẹ 144. Ẹ̀rọ aláìníwáyà tún máa ń fún orin náà pọ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́ sí etí, ohun díẹ̀ sì lè bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Yàtọ̀ sí èyí, a gbọ́dọ̀ máa fi iná kún un, a sì mọ bí iná ti rí nílé wa. Oníwáyà kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí fóònù kò bá ní ihò, bí ó ti rí láti ìgbà tí iPhone 7 ti yọ ọ́ kúrò ní 2016, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí a ń pè ní DAC, tí ń sọ nọ́ńbà inú fóònù di ohùn. Kí a sì wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara páálí: èyí tí ó bá jẹ́ 16 tàbí 32 ohm, agbára fóònù sábà máa ń ká a, èyí tí ó bá tó 250 tàbí 300 sábà máa ń fẹ́ ẹ̀rọ mìíràn tí yóò fún ohùn lágbára.

Èkejì, kí a fi ohùn tiwa dán ohun tí a fẹ́ rà wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọjà ni wọ́n ṣe kí ohùn ìsàlẹ̀ lè máa lù kìkì. Ṣùgbọ́n àárín ni ohùn ènìyàn àti ti gángan wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Mo máa ń sọ fún àwọn tí ó bi mí pé kí wọ́n fi orin jùjú tí wọ́n mọ̀ dáadáa sí i. Bí wọ́n bá lè tẹ̀ lé ohun tí gángan ń wí lábẹ́ gìtá, ẹ̀rọ náà tó. Ní tòótọ́, oore ni èyí: ọ̀rọ̀ ìlù tí ariwo òde àríyá bò mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ kékeré lè tú u síta fún etí.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù. Bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà wa, yóò ní, “Àgò o!” Onílé yóò ní, “Àgò yà.” Ọmọ tí ó ti di etí rẹ̀ pa kò gbọ́ àgò, ojú ọmọ tí a kò kọ́ ni àlejò yóò sì fi wò ó. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a máa lo èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nínú ilé. Àwọn kan yóò ní jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yóò bá orin wọlé. Òótọ́ ni wọ́n wí, ewu sì wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí ariwo ń yọ lẹ́nu yóò máa gbé ohùn orin sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ohùn tí ó jẹ́ 80 dẹ́síbẹ́lì kò gbọdọ̀ ju 40 wákàtí lọ lọ́sẹ̀; bí ó bá tó 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Etí tí ó bá ti bàjẹ́ kò ṣeé pààrọ̀. Nítorí náà, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké, kí a lo èyí tí ó dé etí pa, kí a sì jẹ́ kí orin rẹlẹ̀. Nígbà tí ilé bá tòrò, kí a lo èyí tí ó ṣí sílẹ̀. Bí owó kò bá ká méjì, kí a fi etí kan sílẹ̀ fún ilé.

Àwọn àgbà fi àléébù rédíò sọ ọ́ lórúkọ, síbẹ̀ wọn kò lé e jáde nílé. Wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n sì ń fún ara wọn ní èsì tí àpótí náà kò lè gbà. Àwa náà kò ní lé orin etí jáde. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni kí asọ̀rọ̀mágbèsì má sọ àwa fúnra wa di agbọ́rọ̀mádàáhùn.