Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Orin Kíkọ: Ẹ̀kọ́ fún Ìwó àti Ilẹ̀ Yorùbá

Bí àgbẹ̀ ṣe ní ẹgbẹ́, tí alágbẹ̀dẹ náà ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń kọ́ni ní orin kíkọ rí i pé ó yẹ kí àwọn náà para pọ̀. Lọ́dún 1944 ni àwọn olùkọ́ orin kíkọ ní Amẹ́ríkà dá National Association of Teachers of Singing sílẹ̀. Lọ́dún 1975 ni àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá tiwọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Olùkọ́ dùùrù ń rí ìka akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọ̀fun ni ohùn wà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lè ba ohùn ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ète ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà ni pé kí ẹ̀kọ́ orin kíkọ ní ìwọ̀n tí ó ṣeé fọkàn tán. Ó ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà jáde, ó ń gbọ́ orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yẹ̀ wọ́n wò, ó sì ní òfin ìwà: olùkọ́ kò gbọdọ̀ fa akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ mìíràn mọ́ra, kò sì gbọdọ̀ fi ìlérí èké tan ẹnikẹ́ni.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹ̀yìn ọ̀gá ni oníjàálá ti ń kọ́ṣẹ́. Bí ó bá sì sọ ọ̀rọ̀ lódì, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè takò ó lójú agbo. Ìgbà tí orin ṣọ́ọ̀ṣì dé ni ìṣòro tuntun yọjú. Àwọn ìjọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò yí ohùn orin náà padà. Bí orin bá rẹlẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ohùn lọ sókè, “ọwọ́ Olúwa” di “ọwọ̀ Olúwa”. Ohun tí a fi ń gbálẹ̀ wá gba ipò agbára Ọlọ́run. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ olùtẹdùùrù Kàtídírà ti Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, jà fún àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde lọ́dún 1953.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ìwó gan-an. Yunifásítì Bowen, tí Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2001, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá jáde níbẹ̀ ni yóò máa darí ẹgbẹ́ akọrin. Bí ìwọ̀n òkèèrè nìkan bá ni wọ́n mọ̀, ohùn wọn lè dùn, kí ọ̀rọ̀ Yorùbá sì kú sí wọn lẹ́nu. Ẹgbẹ́ olùkọ́ orin kíkọ yòówù tí yóò wúlò nílẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ fi ohùn èdè ṣáájú nínú òfin rẹ̀. Ilé Odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pe Ìwó. Odídẹrẹ́ lè sọ ohun tí kò yé e. Akọrin kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.